Ọ̀rọ̀ Tọ́rọ́: Ìrọ̀lẹ́ Èbúté-Mẹ́ta Kí Náírà Tó Dé

Ní àdúgbò wa ní Èbúté-Mẹ́ta, láàárín ọjà Òyìngbò àti ọgbà Réluwéè, ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń dùn. Bí fèrè ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin bá ti dún, àwọn òṣìṣẹ́ á máa wọ́ bọ̀ pẹ̀lú epo dúdú lára ṣòkòtò iṣẹ́ wọn, àwọn ìyá á gbé àtẹ síta, àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì á gbé àga sí ẹnu ọ̀nà. Láàárín 1966 sí 1972 tí mò ń sọ yìí, ilẹ̀ Nàìjíríà kò fara rọ. Ìjọba ológun dé, ogun abẹ́lé jà, ó sì parí. Asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ń ka ìròyìn rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn àgbà á tẹ́tí sí i, wọ́n á mi orí, wọ́n á kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ni wọn á padà sórí ohun mẹ́ta tí olówó àti tálákà, ọmọdé àti àgbà, lè dá sí láìbẹ̀rù: owó onírin, búrẹ́dì àti ajá.

A kì í lé ọmọdé kúrò níbẹ̀, bí ó bá ti jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Iṣẹ́ tí wọ́n sì ń rán wa jù ni ká lọ ra búrẹ́dì. Bí o bá ti di owó mọ́ ọwọ́, o ti ní ìdí láti dúró níwájú àtẹ, bí o bá sì ti dúró níwájú àtẹ, kò sí bí o kò ṣe ní gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun kan náà la fi dá àdúgbò wa.

Gbogbo owó tí a ń ná ló ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ́pìnnì ni ìdajì kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́, mẹ́fà ni sísì, mẹ́sàn-án ni náì, méjìlá ni ṣílè, ogún ṣílè sì ni pọ́n-ùn kan. Ọmọ tí kò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ti mọ ìṣirò yìí, nítorí nídìí ẹ̀pà àti gúgúrú ló ti kọ́ ọ. Kọ́bọ̀ ní ihò láàárín, a lè fi okùn sín in pọ̀ bí àwọn bàbá wa ti ń sín owó ẹyọ. Tọ́rọ́ ní igun méjìlá, òkùnkùn kò lè dí ọ lọ́wọ́ láti mọ̀ ọ́n. Èso kòkó wà lára sísì, imọ̀ ọ̀pẹ wà lára ṣílè. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959, ló kó wọn jáde, àwòrán Ọbabìnrin Elizabeth sì wà lára àwọn tí kò níhò nínú wọn. Sísì àti ṣílè ń dán bí fàdákà, fàdákà náà ni àwa ọmọdé sì ń pè wọ́n.

Bàbá Réluwéè kì í gbà fún wa. Orúkọ tí gbogbo ilé ń pe bàbá náà nìyẹn, nítorí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló ṣe títí irun rẹ̀ fi funfun. Ó ní agolo tábà kan tí kò fi tábà sínú rẹ̀ mọ́, owó àtijọ́ ló kó sí i. Bí a bá ti pe sísì ní fàdákà létí rẹ̀, á ní ká lọ gbé agolo náà wá.

"Ẹ wò ó," ni bàbá á wí, á mú ṣílè Ọba Jọ́ọ̀jì kan jáde. "Eléyìí ni fàdákà. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, irin funfun ni."

Òótọ́ ló ń sọ. Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò máa ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Láti 1913, ṣílè méjì, ṣílè kan, sísì àti tọ́rọ́ tí ìgbìmọ̀ yìí ń kó wá jẹ́ ojúlówó fàdákà. Ìgbà tí ogun àgbáyé kìíní parí, fàdákà gbówó lórí, nígbà tó sì di 1920, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ tí wọ́n yí nǹkan mìíràn mọ́ rọ owó. Bàbá ní oríṣi méjèèjì nínú agolo rẹ̀. Á sọ ti idẹ sórí sìmẹ́ńtì, á dún kò. Á wá sọ ti fàdákà, ohùn rẹ̀ á lọ gbọọrọ kó tó dákẹ́. Gbogbo wa á pa ẹnu mọ́ títí yóò fi dákẹ́. Ohun tí bàbá wá ń sọ tẹ̀lé e ni mo rántí jù: pé ìjọba lè kọ iye tó bá wù ú sára irin, àmọ́ kí ènìyàn kọ́ láti máa fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tó gbà.

Àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ti gbọ́ èyí tipẹ́. Wọ́n kó ṣílè fàdákà fún alágbẹ̀dẹ, ó yọ́ ọ, ó fi rọ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ fún wọn. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí àtẹ rẹ̀ wà níwájú ilé Bàbá Réluwéè, ní ẹ̀gbà ọwọ́ kan bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, ṣílè mélòó ló wọ inú ẹ̀gbà ọwọ́ yín yẹn?"

"Bàbá, ìyá mi ló fi sìn mí lọ sílé ọkọ. N kò ka ṣílè inú rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí ebi bá fẹ́ pa àwọn ọmọ mi ni n óò kà á."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwa tí a dúró níbẹ̀ gbọ́ ohun tí ìyá ń wí, a sì mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ ọwọ́ obìnrin lè jẹ́ báńkì rẹ̀.

Búrẹ́dì tó wà lórí àtẹ ìyá yìí, owó rẹ̀ ni a fi ń pè é. Búrẹ́dì kọ́bọ̀ kéré, ó rí róbótó, ó wọ àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Búrẹ́dì tọ́rọ́ ni ti ọmọ méjì tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Búrẹ́dì sísì ni ti ìdílé, gígùn ni, èèpo orí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Agolo Blue Band wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ pẹ̀lú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan. Bí o bá fi owó díẹ̀ kún un, ìyá á la búrẹ́dì rẹ, á fi bọ́tà ra inú rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ bọ́tà á ré kọjá sọ́dọ̀ alákàrà, á ki àkàrà gbígbóná bọ inú búrẹ́dì, òróró á sì máa kán sí i lọ́wọ́.

Kò sí ibi tí ìtàn búrẹ́dì Nàìjíríà ti yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ ju Èbúté-Mẹ́ta lọ. Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣe akọ̀wé ní Réluwéè. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tó yá, ó ṣe òwò, nígbà tó sì di 1921 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì ní Èbúté-Mẹ́ta. Àwọn kan ti ń ṣe búrẹ́dì l'Ékòó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́ di oúnjẹ tí òṣìṣẹ́ lè rà lójoojúmọ́. Òun ló mú ẹ̀rọ tó ń tẹ fùláwà pípò wọ iṣẹ́ náà: irin róbóróbó méjì tí wọ́n ń ti fùláwà pípò gba àárín wọn léraléra títí yóò fi fà, tí yóò sì jọ̀lọ̀. Ẹ̀rọ yìí ló fún búrẹ́dì wa ní ara líle tí a mọ̀ ọ́n sí, èyí tó ń fà lẹ́nu tó sì ń dúró nínú ikùn. Nígbà tí Shackleford kú ní 1954, ilé búrẹ́dì ti wà káàkiri. Bàbá Réluwéè máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tìgbéraga-tìgbéraga nítorí pé ọgbà kan náà ni àwọn méjèèjì ti jẹun. "Ẹni tó kọ̀wé lórí tábìlì òyìnbó ló dìde, tó lọ po fùláwà," ni bàbá á wí, "ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo yín rí nǹkan jẹ láàárọ̀."

Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ìtàn tirẹ̀ nípa fùláwà. Ó mọ ìgbà tó jẹ́ pé àfi kí ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀ kí ilé búrẹ́dì tó rí i rà, ó sì mọ ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ń lọ àlìkámà bẹ̀rẹ̀ ní Àpápá ní 1962. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èbúté bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí. Bí fùláwà bá wọ́n, á sọ fún oníbàárà kí ó tó di pé búrẹ́dì kéré sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun rẹ́ ẹ jẹ.

Ṣùgbọ́n ṣéńjì ló ń fa ọ̀rọ̀ jù lọ. Ìyá lè máà ní ẹ́pìnnì lọ́wọ́ láti dá padà fún ọmọ, á wá ní, "Sọ fún màmá rẹ pé ẹ́pìnnì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi o. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́?" Lálẹ́, màmá á fúnra rẹ̀ wá gba ẹ́pìnnì. Kò sí ẹni tó lè sọ pé nítorí ẹ́pìnnì ló ṣe wá. Á jókòó lórí àpótí, á sọ ti ẹsẹ̀, ìyá á sọ ti ewé tí wọ́n ń sè fún un, Bàbá Réluwéè á dá sí i láti orí àga, aládùúgbò tó ń kọjá á dúró. Nígbà tí wọ́n bá fi máa túká, ẹni tó ní àìsàn ti rí oògùn, ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà ti rí alárinà, ẹni tó ń wá iṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń gba ènìyàn. Gbogbo rẹ̀, lórí ẹ́pìnnì kan.

Abẹ́ àtẹ yẹn náà ni Tanímọ̀la máa ń sùn. Bàbá Réluwéè ló ni ín, ajá pupa tí àyà rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kì í ti jẹun. Búrẹ́dì tó bá jóná nídìí, tirẹ̀ ni. Bí ìyá bá ń lọ kó búrẹ́dì ní ìdájí, Tanímọ̀la ni yóò ṣáájú rẹ̀ dé ilé búrẹ́dì, òun ni yóò sì tẹ̀ lé e padà, ojú ọ̀nà Èbúté-Mẹ́ta kì í sì í ba ìyá lẹ́rù nítorí rẹ̀.

Orúkọ ajá nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ni. Ajá tí wọ́n ń pè ní Bíńgò wà, ti àwọn tó fẹ́ orúkọ òyìnbó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ń fi ajá sọ ohun tí wọn kò lè sọ sójú ènìyàn. Ìyàwó ilé tí orogún rẹ̀ ń dà láàmú á sọ ajá rẹ̀ ní Ẹ̀yìnlàrò, á sì máa pè é kíkankíkan ní gbogbo ìgbà tí orogún náà bá ń kọjá. Ajá á sáré wá, á ju ìrù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á gbọ́, kò sì sí ẹni tó lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Bàbá sọ tirẹ̀ ní Tanímọ̀la ní ọdún tí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì, nígbà tí àwọn kan ń bi í pé kí ni yóò máa jẹ.

Ìbẹ̀rù méjì la ní lórí ajá. Èkínní ni ti ajá dìgbòlugi. Bí ìròyìn bá ti tàn pé ajá kan ń da itọ́ lẹ́nu ní Òyìngbò, gbogbo ìyá á pe ọmọ wọlé. Bàbá kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ó ń mú Tanímọ̀la lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran láti gba abẹ́rẹ́, ó sì máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ilé ìwádìí àrùn ẹran kan wà ní Vom, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, tí ìjọba ti dá sílẹ̀ láti 1924, pé kí wọ́n má fi ẹnu lásán lé àrùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tẹ̀ lé e nítorí òun, wọn ì bá má ti gbọ́ ti ìjọba. Èkejì ni ti Ògún. Ajá ni ẹran Ògún, awakọ̀, alágbẹ̀dẹ àti ẹni tó ń fi irin jẹun sì pọ̀ láyìíká wa. Bí àkókò ìbọ bá ti ń sún mọ́, àwa ọmọdé á ti Tanímọ̀la mọ́ ẹ̀yìnkùlé, a óò máa gbé búrẹ́dì lọ fún un. Bàbá rí wa, kò bá wa wí. Òun náà ń bọ̀wọ̀ fún Ògún, irin ló ṣáà fi bọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ó ní Ògún mọ ajá tó jẹ́ ará ilé.

Nígbà tó yá, ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yí: ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Àwọn àgbà sọ ọ́ títí. Kò pẹ́ ni ọ̀rọ̀ owó tuntun bẹ́ sílẹ̀, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ti jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ìnáwó, ni a sì gbọ́ pé ó fún un ní orúkọ náírà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni ó máa bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ariwo kóló tó ń fọ́ gba àdúgbò kan. Tọ́rọ́ àti sísì tí àwọn ọmọ ti ń tọ́jú láti ìgbà pípẹ́ dà sórí ẹní, àwọn ìyá ń kà á lọ́nà méjì: ẹ̀ẹ̀kan ní ṣílè, ẹ̀ẹ̀kan ní náírà. Ṣílè mẹ́wàá ni náírà kan, ṣílè kan di kọ́bọ̀ tuntun mẹ́wàá, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Èso kòkó tó wà lára sísì náà ni wọ́n yà sára kọ́bọ̀ márùn-ún, èyí sì tu àwọn ìyá nínú.

Tọ́rọ́ nìkan ni kò rí ẹgbẹ́ rẹ̀. Kọ́bọ̀ méjì àbọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Ìdajì kọ́bọ̀ wà nínú owó tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra búrẹ́dì, bí búrẹ́dì tọ́rọ́ ṣe di kọ́bọ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ mélòó kan ló fi ń ṣàlàyé fún oníbàárà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ó ń fi búrẹ́dì kékeré kan ṣe ènì fún ẹni tó bá ra méjì kí ọkàn ara rẹ̀ lè balẹ̀.

Bàbá Réluwéè ní kí wọ́n fi gbogbo owó tuntun náà han òun. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi kan kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ṣírò rẹ̀. Ṣílè méjì àti sísì. Ó ní iye tí àwọn òṣìṣẹ́ béèrè lójúmọ́ nìyẹn ní oṣù kẹfà 1945, nígbà tí Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá iṣẹ́ Réluwéè àti ti ìjọba dúró fún ohun tó ju oṣù kan lọ. Ó sọ bí wọ́n ṣe fi gààrí lásán gbé ìdílé ró, bí àwọn obìnrin ọjà ṣe ń tà fún wọn ní àwìn. Àwa ọmọdé ti ń ná ṣílè méjì àti sísì láìmọ̀ pé àwọn kan ti fi ebi jà fún un. Láti ọjọ́ náà, n kò tún rí owó onírin rí kí n má bi ara mi léèrè pé òógùn ta ló wà lára rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Owó Udoji, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, dé ní 1975, ọjà gbówó lórí. Ní 1987 ìjọba fòfin de àlìkámà láti òkè òkun, búrẹ́dì di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń wò lókèèrè. Wọ́n rọ náírà onírin ní 1991, wọ́n tún gbé ti náírà méjì jáde ní 2007, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn lè fi rà kò sí mọ́, ni àwọn ènìyàn bá pa á tì. Lónìí, fóònù la fi ń san owó búrẹ́dì. Búrẹ́dì wà nínú ọ̀rá, owó dé ní pípé, kò sí ṣéńjì, kò sì sí ìdí tí ẹni tó rà fi gbọ́dọ̀ wo ojú ẹni tó tà.

N kò sọ pé ayé ìgbà yẹn rọrùn. Ebi pa àwọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn kan sì kú ní àìsàn tí abẹ́rẹ́ kan lè wò. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí owó tó kéré jù ní ìlú ṣì lè ra odindi nǹkan, ẹni tó kéré jù ní ìlú ní ibi tó ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó mú kọ́bọ̀ lọ́wọ́ jẹ́ oníbàárà: wọ́n ń kí i, wọ́n ń bi í léèrè ilé, wọ́n ń rán an níṣẹ́ ẹnu, ó ń gbọ́ ìtàn 1945. Arúgbó tó ku sísì nílé ṣì lè jáde ní ìrọ̀lẹ́ láìtijú. Owó kékeré ni ọ̀rọ̀ kékeré ń bá rìn, inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sì ni a ti mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ajá tó yẹ ká ṣọ́ra fún.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹni tó bá ní ọmọ. Fún un lówó, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì, kó kí i, kó dúró gba ṣéńjì. Má kánjú pè é padà. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, tó sì dé wá sọ pé ajá ẹnìkan ti bímọ, tàbí pé màmá ẹnìkan kò tíì lè dìde, béèrè ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìwọ náà sì bọ́ síta lọ wo ẹni náà.